Fìlà Olójú Ọgọ́rin

Ní Agbowó, ní nǹkan bí ọdún 1984, bí ènìyàn bá fẹ́ bá Alhaji Sàídì Sàlàkọ́ jà, kò nílò kí ó bú ìyá rẹ̀, kò sì nílò kí ó pè é ní olè. Kí ó ṣáà ti sọ pé orí rẹ̀ tóbi. Ìjà dé nìyẹn.

Orí náà kò kéré o. Ṣùgbọ́n Alhaji ní ẹ̀rí. Fìlà funfun tí ìyàwó rẹ̀ fi kóróṣè hun fún un lọ́dún tí wọ́n gbéyàwó, ojú òwú ọgọ́rin ló yí i po. Ọdún gorí ọdún, fìlà gorí fìlà, ojú ọgọ́rin náà ni ìyàwó ń hun. Bí àlejò bá pẹ́ díẹ̀ ní pálọ̀, bó fẹ́ bó kọ̀, Alhaji á ṣí fìlà lórí, á gbé e lé e lọ́wọ́.

"Kà á."

Àlejò á máa fi èékánná ka ojú òwú bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Tí ó bá ti dé ọgọ́rin, Alhaji á gba fìlà rẹ̀ padà, á rọra gbé e lé orí.

"Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ọgọ́rin. Mo kọ́lé méjì, ọgọ́rin. Mo lọ sí Mẹ́kà, mo bọ̀, ọgọ́rin. Àwọn kan wà, tí wọ́n bá ti rí owó báyìí, orí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tèmi ò kúrò níbi tí bàbá mi fi í sí."

Àbẹ̀ḿbí, ìyàwó rẹ̀, á wolẹ̀, á sì máa hun tiẹ̀ lọ.

Mùsílímátù, ọmọbìnrin wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Músílí, ti gbọ́ ìtàn yìí débi pé ó lè kà á bí ẹni ń ka súrà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Bódìjà. Bí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orí bàbá rẹ̀ ló ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: ó ń dún, kò kàn án. Ó wá kàn án lọ́jọ́ tí ó pàdé Láńre.

Inú takisí tó ń ti Dùgbẹ̀ bọ̀ ni wọ́n ti pàdé. Wọ́n fún mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹ̀kọ inú apẹ̀rẹ̀, Músílí sì ń hun fìlà kékeré kan fún ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í gbé bríìfùkéèsì dúdú lé itan, ó na ọrùn, ó ń wo iwájú bí ẹni tí gómìnà ń dúró dè. Nígbà tí wọ́n dé Sáńgo, ó ní òun ń bọ́ọ́lẹ̀, ó sì bọ́ọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ṣí. Ni Músílí bá rí i tí fìlà ọwọ́ rẹ̀ ń tú: ìlà kan lọ, ìlà kejì tẹ̀lé e. Òwú ti há sẹ́nu kọ́kọ́rọ́ bríìfùkéèsì náà.

"Dírẹ́bà, ẹ dúró! Ó ń mú fìlà mi lọ!"

Ẹnìkan pariwo olè láti inú ọkọ̀. Àwọn ará Sáńgo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Oníbríìfùkéèsì gbọ́, ó yára yíjú, ó ń bá wọn wá olè náà kiri, òwú funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù.

Kí wọ́n tó lè yọ òwú, ó di dandan kí ó ṣí bríìfùkéèsì. Kò fẹ́ ṣí i. Ó ṣí i ṣá. Gúgúrú àti ẹ̀pà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kóòmù kan.

Músílí wò ó títí. "Ṣé fáìlì ìjọba nìyí?"

"Fáìlì ọ̀sán ni," ni ọkùnrin náà wí, kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti jẹ ti àárọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láńre Adéróunmú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, onítẹ̀bọmi, akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Ó wá dá òwú padà ní Bódìjà lọ́jọ́ kejì. Ó tún wá wò ó bóyá òwú náà pé. Nígbà tó ṣe, kò mẹ́nu kan òwú mọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, Músílí fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé orí rẹ àti ti bàbá mi jọra?" Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láńre gba ọ̀rọ̀ yìí, ó tọ́jú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe.

Ẹni tó ṣe alárinà wọn ni Àǹtí Bàdírátù, àbúrò Alhaji, oníṣòwò léèsì ní Dùgbẹ̀, obìnrin tí kò bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé ẹ̀gbọ́n náà ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ti kọ́ Láńre bí yóò ṣe dọ̀bálẹ̀, bí yóò ṣe dáhùn, àti pàápàá jù lọ, ìgbà tí yóò dákẹ́.

"Ọmọ ta ni?" ni Alhaji bi í lọ́jọ́ tí Àǹtí mú un wá sí pálọ̀.

"Ọmọ Adéróunmú ni mí, sà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìlú iyì ni. Ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò burú. Onígbàgbọ́ wà ní agboolé tiwa náà. Tó bá di Kérésì, à ń jẹ ìrẹsì wọn. Tó bá di Iléyá, wọ́n ń jẹ ẹran wa. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀."

Ọkàn Músílí balẹ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Àǹtí Bàdírátù ṣẹ́jú sí Láńre pé ó tó, kí ó dìde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ ọmọkùnrin náà lẹ́nu, ó sì fẹ́ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.

"Inú mi dùn, sà. Músílí ti sọ fún mi tipẹ́ pé orí mi àti tiyín, ọ̀kan náà ni."

Alhaji wo orí náà láti iwájú. Ó tẹ ọrùn, ó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ àbàtà fún.

"Èyí?" ó ní. "Orí èyí àti tèmi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọdé ni," ni Àǹtí Bàdírátù wí. "Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀."

"Bàdírátù, má dá sí i. Ó dáa. Músílí mọ kóróṣè í hun, àbí kò mọ̀ ọ́n? Kí ó hun fìlà fún un. Irú òwú tí wọ́n fi ń hun tèmi, ojú ọgọ́rin, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ lé. Bó bá wọ̀ ọ́ lórí, kí ó máa mú un lọ. Bí kò bá wọ̀ ọ́, kí ó wá àna olórí ìkòkò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń ṣeré ni."

"Mo ti sọ ọ́. Sàlàkọ́ kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ."

Níta, lẹ́bàá gọ́tà, Músílí dojú kọ Láńre. "Ta ló rán ẹ?"

"Ìwọ náà lo sọ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹ sọ lábẹ́ máńgòrò lo wá ń kéde ní pálọ̀?"

Láńre fọwọ́ pa irun rẹ̀. "Ṣé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni? Níbi iṣẹ́, ọ̀gá wa ní ó bá ara mi mu."

"Orí ọ̀gá yín ńkọ́?"

Ó ronú sí i. "Ti ọ̀gá wa ju tèmi lọ díẹ̀."

Inú ń bí Músílí, síbẹ̀ ẹ̀rín pa á. Ìyẹn ló mú kí ó mọ̀ pé òun fẹ́ ọkùnrin yìí, olórí ńlá, ẹlẹ́nu bẹ́ńbẹ́.

Ó kó sí iṣẹ́. Irin kóróṣè tó ní, ẹlẹ́nu ìkọ́ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, nọ́ńbà méjì ni wọ́n kọ sí i lára; òun ni gbogbo tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń lò, wọ́n gbà pé àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò mọ́ ló ń lo èyí tó nípọn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ó ń fi ojú kún ojú títí ó fi di ọgọ́rin, lẹ́yìn náà ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìlà ìlà. Fìlà náà rẹwà, ó gún, kò sí ibi tó wọ́. Ó gbé e lé orí Láńre, ó jókòó síbẹ̀ bí ìdérí ife lórí ìkòkò. Láńre tẹ̀ ẹ́. Ó fò kúrò.

Ó tún òmíràn hun. Lọ́tẹ̀ yìí ó dẹ ọwọ́, kí ojú òwú lè fẹ̀. Wọ́n fẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ tí Láńre wá kí i, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì tí bàbá rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá tó ní, "Fìlà olórí ńlá dà?", ìlà tó hun lọ́jọ́ náà fún bí ẹni di eyín. Ìgbà tí fìlà yóò fi parí, ó fẹ̀ lókè, ó fún láàárín, ó dà bí àgbàlagbà tó fi bẹ́líìtì di ikùn.

Ó wá lọ ra irin tó nípọn bí ìka, èyí tí wọ́n fi ń hun ìborùn ìkókó. Ojú ọgọ́rin náà kò fẹ̀ nìkan, ó ya. Láńre dé e, irun rẹ̀ ń yọ síta níbi gbogbo.

"Fìlà ni àbí ajere?"

"Ṣí i kúrò lórí, jọ̀ọ́."

"Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi o. Jẹ́ n fi lọ síbi iṣẹ́."

Músílí kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ Alhaji kan, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, ti ń wá kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Orí rẹ̀ ṣe róbótó bí ọsàn wẹ́wẹ́. Alhaji ti ń pè é ní "ọmọ mi", ó sì ti ní bí oṣù yìí bá fi jáde tí òun kò rí fìlà, òun yóò mọ ohun tí òun yóò ṣe. Músílí bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá bàbá òun kò jẹ̀bi. Bóyá ọkùnrin tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ yóò sọ ọ̀rọ̀ ilé òun káàkiri Ìbàdàn. Ó ń bi í, ó sì ń tú òwú, ó ń tún un hun.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí Alhaji ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ju fìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àbẹ̀ḿbí mú ajere náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wo ọ̀run láti inú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó wọlé. Nígbà tó padà dé, agolo mílíìkì kan ló gbé dání. Irin kóróṣè mẹ́ta ló dà jáde nínú rẹ̀ sórí àtẹ ẹ̀wà.

"Èyí tó tín-ín-rín yìí," ó ní, "òun ni mo fi hun fìlà ìgbéyàwó bàbá rẹ. Èyí tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lẹ́yìn tí a kọ́ ilé àkọ́kọ́. Èyí tó nípọn jù, láti ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ni."

Ẹkún gbẹ lójú Músílí. Ó wo irin kan, ó wo èkejì. "Màámi. Orí Bàámi..."

"Ṣẹ́nu ẹ. Mo se ẹran, wọ́n jẹ ẹran. Ṣé ikùn nìkan ni ẹran mọ̀ ọ́n lọ ni?"

"Ṣùgbọ́n ọgọ́rin ni wọ́n máa ń kà!"

"Ọgọ́rin náà ni. Ta ló ní kì í ṣe ọgọ́rin? Ọgọ́rin ẹyin adìẹ àti ọgọ́rin ẹyin tòlótòló, iye kan náà ni. Gbé wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan náà kí o wò ó." Ó mú irin, ó fi òwú yí i lọ́rùn. "Ojú òwú kì í tóbi ju ọrùn irin tó bá gùn lọ. Bí irin bá sanra, ojú á fẹ̀, á sì ga. Ìwọ mú irin tó tín-ín-rín, o wá fẹ́ fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n, ọmọ mi. Inú ló ń tẹ̀lé. Inú dùn, ó dẹ̀. Inú bàjẹ́, ó le. Fi irin sílẹ̀ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ máa lọ bó ṣe máa ń lọ. Má sì gbé irin tó ju agbára òwú lọ, èyí tí o fi hun ajere rẹ nìyẹn."

"Ẹ̀yin tàn wọ́n, Màámi."

"Wọ́n ní kí n hun ọgọ́rin, mo hun ọgọ́rin. Wọn ò bi mí léèrè irin rí."

Músílí na ọwọ́ sí irin tó nípọn jù. Ìyá rẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì dì í mú, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí.

"Mo ń rò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ yẹn," ni Àbẹ̀ḿbí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ kí o lọ ilé ẹni tí o fẹ́. Mi ò sì fẹ́ kí ojú ti ọkọ mi ní pálọ̀ rẹ̀. Nǹkan tó fi ń yangàn ò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń fi obìnrin yangàn."

"Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Láńre ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ ò ní bọtìnnì."

"Màá bá a sọ̀rọ̀."

Àbẹ̀ḿbí jọ̀wọ́ irin. "Mú irin lọ. Fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ síbí. Kí o sì yọ ìlà kan kúrò nísàlẹ̀, torí ojú tó ga. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bo ọkọ rẹ létí."

Músílí dìde. Ó ti fẹ́ lọ, ó yíjú padà. "Èmi ò lè fi irú èyí pamọ́ fún ọkọ tèmi láéláé."

"Á dáa," ni ìyá rẹ̀ wí, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Ìwọ lo kàwé."

Láńre padà wá ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀, díákónì kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Fìlà funfun wà lórí Láńre, ó bo iwájú orí dáadáa, ó dúró lókè etí. Músílí ti fi òwú búlúù kékeré so kókó kan sétí rẹ̀, kí ó lè yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ pọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ó ti rò ó jìnnà bẹ́ẹ̀. Ó sì ti sọ fún Láńre pé ohunkóhun tó bá rí ní pálọ̀ náà, kí ó gbé e mì.

Alhaji kò kí ẹnikẹ́ni tán tó fi na ọwọ́. "Mú un wá."

Ó kà á. Àǹtí Bàdírátù wúkọ́, Alhaji ṣì í kà. Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ọgọ́rin, ó ń wá ẹyọ kan tó lé, kò rí i. Ó ní bóyá òwú rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó ṣí fìlà tirẹ̀, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ pa wọ́n, ó yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì.

"Òwú kan náà ni," ni díákónì wí.

"Mo rí i," ni Alhaji dáhùn. Ó mú ọ̀kan, ó dé e.

Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kókó búlúù náà wà lókè etí ọ̀tún rẹ̀.

Músílí rí i. Àbẹ̀ḿbí rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òwú. Àǹtí Bàdírátù rí i, ó sì ti ya ẹnu, nítorí pé ó ti ń wá irú ọjọ́ yìí láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń pọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ. Láńre náà rí i. Músílí wo ètè rẹ̀. Ètè náà mì. Ó fẹ́ là.

Ó pa á dé. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú fìlà tó kù, ó dé e, ó sì dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi..." ni Àǹtí Bàdírátù bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí," ni Láńre yára dá a dúró, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi."

Alhaji gbé ọwọ́ sókè láti tún fìlà ṣe. Àtàǹpàkò rẹ̀ kan kókó náà, ó dúró lé e. Ó wo dígí kọ́bọ́ọ̀dù tó kọjú sí i. Ó wo fìlà tó wà lórí Láńre, bó ṣe jókòó síbẹ̀ láìfún, láìtú. Ó wá wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́ títí. Àbẹ̀ḿbí kò wolẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wò ó padà, irin kóróṣè sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Alhaji túnra ṣe lórí àga.

"Díákónì," ó ní, "mo fẹ́ sọ òtítọ́ kan. Orí ọmọ yín yìí ò tóbi tó bí mo ṣe rò lọ́jọ́sí. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ. Ó ti fọn."

"Ìfẹ́ ni, sà," ni díákónì wí. "Ó máa ń mú ènìyàn rù."

"Ìyẹn ni mo rí. Ẹ wá ọjọ́ ìdána wá." Ó dìde, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Músílí tó wà nítòsí nìkan ló gbọ́. "Àbẹ̀ḿbí. Ẹran inú ọbẹ̀ mi, máa dín in kù."

Kò sì dá fìlà náà padà. Ó ń dé e lọ sí mọ́ṣáláṣí, tòun ti kókó búlúù etí rẹ̀. Ẹni tó bá bi í léèrè, á ní àmì àwọn tó ti lọ sí Mẹ́kà ni.

Láńre àti Músílí kó lọ sí Challenge, inú yàrá méjì àti pálọ̀. Wọ́n sọ Láńre di alábòójútó ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Bríìfùkéèsì tuntun dé, fáìlì sì wà nínú ti wàyí. Ọrùn rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn, ó ń sanra. Lọ́jọ́ kan nínú ọdún 1989, ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ pa ìlà pupa tó wà níwájú orí rẹ̀.

"Músílí, fìlà yìí ti súnkì."

"Òwú tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ni. Omi ń dín in kù."

"Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ojú mélòó lo hun?"

Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé Agbowó, tí ó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lè fi í pamọ́ láéláé. Ó la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, fìlà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ọgọ́rin," ó ní.

"Ẹ ò rí i?" Àlejò wà ní pálọ̀, Láńre sì ti ń lọ bá a, ohùn rẹ̀ ń lọ ṣáájú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń tọrọ ìyàwó mi o, ọgọ́rin! Alábòójútó ni mí lónìí, ọgọ́rin! Ẹ gbà, ẹ kà á!"

Músílí fa agolo mílíìkì tirẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ìka wá èyí tó nípọn díẹ̀ ju ti àná lọ, ó wá òwú funfun, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí.